Àwọn Sípíkà Alhaji Ṣé-Òótọ́-Ni

Ọjọ́ tí Alhaji Abdul-Mumin ká ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì ni gbogbo ará àdúgbò Vittin ní Tamale, nílẹ̀ Ghana, ṣì ń sọ títí dòní, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan tí bàbá náà ti dágbére fáyé. Ẹ má ronú ibi. Sípíkà ló lọ rà. Zakari, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tamale tó ń ta ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbé méjì kékeré síwájú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju búrẹ́dì ńlá lọ. Ó tan iná sí i. Ohùn jáde, ó kún ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bàtà Alhaji.

Alhaji wo àpótí, ó wo ògiri, ó wo kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn Zakari.

"Mallam Zakari, níbo lo gbé bàbá wọn pamọ́ sí?"

"Bàbá ta ni, Alhaji?"

"Bàbá àwọn sípíkà yìí. Ọmọdé ò lè dá irú igbe yìí ké. Èyí ńlá kan wà níbì kan tó ń bá wọn ké e."

Kí Zakari tó dáhùn, Alhaji ti fa kọ́tìnì ya. Asana ìyàwó Zakari ló bá níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ tuo zaafi, òkèlè ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ojú ti gbogbo wọn. Àmọ́ Asana jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó ní, "Baba, bismillah," ó sì bu tirẹ̀ sínú abọ́ mìíràn. Alhaji dúpẹ́, ó fọwọ́, ó jókòó, ó jẹun yó. Nígbà tó jẹ tán, ó ní kí Asana jọ̀ọ́ dìde díẹ̀, kí òun lè wo inú àpótí tó jókòó lé.

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, àmọ́ Alhaji lo tirẹ̀ ní àlòjù. Àgádágodo ló ń tà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fi ọ̀kankan nínú wọn ti ilé ara rẹ̀ rí láìfi okùn dè é lé e lórí. Bí ẹ bá sọ fún un pé oòrùn ti yọ, á ní, "Ṣé òótọ́ ni?" á sì jáde lọ wò ó. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lẹ́yìn nìyẹn, ó sì mọ̀, torí ó ti wádìí rẹ̀.

Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ìdí tó fi ń wá sípíkà, òun náà sì fura kó tó mọ̀. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, dandan ni kó jẹ ìgbẹ́. Wọ́n ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó iṣu sí. Alhaji kó iṣu jáde, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wọlé, ó wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti ìta, ohùn obìnrin ni Àsmá'ù ń gbọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkọ òun ti ní ẹnì kan ní àdúgbò Jisonayili, àmọ́ àwọn ohùn yìí pọ̀ ju ti ìyàwó kan lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án. Alhaji ló bá, tó fi etí lé ẹ̀rọ bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Baba Rùmáísà, ta làwọn obìnrin yìí?"

Alhaji ò gbójú sókè. "Ìyá mi wà nínú wọn."

Wákà ni. Àwọn obìnrin Ìlọrin tó wà ní Tamale ló kọ ọ́ nígbà kan láti pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ẹnì kan sì gbà á sílẹ̀. Ìyá Alhaji wà nínú agbo náà. Ọmọ ọwọ́ ni Alhaji nígbà tí ìyá náà kú. Kò ní fọ́tò rẹ̀, àwọn tó lè sọ pé "ohùn rẹ̀ nìyí" sì ti lọ tán. Ohun kan ṣoṣo tí àǹtí rẹ̀ sọ fún un ni pé ìyá rẹ̀ kì í tètè fi orin sílẹ̀: bí àwọn yòókù bá dákẹ́, òun á ṣì máa fà á díẹ̀. Inú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, gbogbo ohùn ti lọ́ mọ́ra bí ọbẹ̀ ilá. Etí òsì Alhaji sì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, kò fọkàn tán ọ̀tún. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kí méjèèjì tó di.

Sípíkà ńlá ló kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Nínú yàrá iṣu yẹn, ohùn nípọn, ó di sí igun, páànù ń jó lókè. Issahaku aládùúgbò sáré jáde pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu, ó ń béèrè bóyá lọ́rì ló ya wọ ilé wọn. Ní ti àwọn olórin, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn.

Zakari ló là wọ́n lóye. "Alhaji, yàrá kékeré, ẹnu kékeré. Èyí ńlá fẹ́ ibi tó máa na ẹsẹ̀ sí. Kò rí i níbẹ̀, ògiri wá ń dá a padà lé yín lórí."

Bí Alhaji ṣe padà sídìí àwọn kékeré yẹn nìyẹn. Àmọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti lò wọ́n wá, Alhaji sì ṣe ìwádìí wọn bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń ṣe ìwádìí ìyàwó.

"Ilé ta ni wọ́n ti wá? Irú èèyàn wo ló wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n ń kọ nílé náà?"

Ọ̀rọ̀ sú Zakari. "Haba, Alhaji! Èmi ò bá wọn gbé. Ó lè jẹ́ ilé ọtí, Allah ló mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ gan-an ló sọ yẹn. Nígbà tí Àsmá'ù máa fi rí i, Alhaji ti gbé sípíkà méjèèjì kalẹ̀ lágbàlá, ó ti kó ọwọ́ aṣọ sókè, búútà omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baba Rùmáísà, iná ló ń lò o, kì í lo omi!"

"Ṣé òótọ́ ni? Ta ló sọ fún ẹ? Ohùn ìyá mi ò ní gba ẹnu tó ti kọrin nílé ọtí jáde láìfọ ẹnu náà."

Ó sì fọ̀ ọ́ tinútòde. Bébà tó wà lẹ́nu wọn rọ̀ bí àkàrà inú ẹ̀kọ. Wọ́n sá wọn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbẹ, ọ̀kan ń húkọ́, èkejì yadi. Alhaji gbé wọn padà fún Zakari pẹ̀lú ìbínú.

"Sípíkà tí kò lè gba àlùwàlá, ṣé ó lè gba wákà?"

Zakari wò ó títí. "Wallahi, Alhaji, ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ tí mo rí tó wẹ̀ fún sípíkà." Àmọ́ nígbà tí Àsmá'ù fà á sẹ́yìn tó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá méjì mìíràn, ó sì gbé e wá sílé fúnra rẹ̀.

Ó gbé wọn lé àga kékeré kí ẹnu wọn lè ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó. Ó so ẹní ìkírun mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, ó sì fa sípíkà síwájú.

Alhaji ní, "Kí ló dé tó o gbé e kúrò lára ògiri? Ta lo fẹ́ kó gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá?"

"Ẹ gbé e padà, kẹ́ ẹ gbọ́."

Alhaji gbé e padà, ó gbọ́. Ó fà á síwájú, ó gbọ́. Ó tún gbé e padà. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló tó gbà, pẹ̀lú ojú fífàro.

Zakari pa fáànù, ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ọbẹ̀ ilá náà já. Èyí tí ohùn rẹ̀ há dá dúró, èyí tó ń gùn ún sókè dá dúró, ọmọ kan tiẹ̀ sunkún lẹ́yìn ẹnì kan. Orin dé ìparí ìlà, gbogbo wọn dákẹ́, àfi ohùn kan. Ó fà á díẹ̀ sí i, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò máa lọ. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Alhaji gbọ́wọ́ sókè. "Òun nìyẹn."

Àsmá'ù ń retí kó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Kò béèrè. Òun gan-an ni ìbéèrè wá sí lẹ́nu: obìnrin mélòó ni kì í fẹ́ fi orin sílẹ̀? Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹlòmíràn? Ó ti la ẹnu tán kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀. Omi ń dà lójú ọkùnrin tó máa ń tọ́ iyọ̀ wò kó tó gbà pé iyọ̀ ni. Àsmá'ù pa ẹnu dé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí Alhaji kú, Rùmáísà ọmọ wọn pè láti Kumasi pé kí wọ́n ta àwọn sípíkà náà, kí iṣu padà sí yàrá rẹ̀. Àsmá'ù ní iṣu ò ní bínú, kó máa wà ní ilé ìdáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó jókòó sí àga ọkọ rẹ̀, ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin náà kọ ọ́ títí wọ́n fi dákẹ́. Ohùn kan ṣẹ́ kù. Àsmá'ù ò fojú kan ìyá ọkọ rẹ̀ rí, kò sì kí i rí. Ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn àpótí kékeré náà.

"Ìyá wa, ẹ káàárọ̀. Ọmọ yín ti dé ọ̀dọ̀ yín. Tó bá ń wò yín bí ẹni pé bóyá ẹ̀yin kọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ kọrin fún un."