Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jẹ́ Kí Bàbá Sọ Ọmọ Lórúkọ

Mo ti gbé ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Ifẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ ilé, ilé Bàbá onílé wa ní àdúgbò Mayfair ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Yàrá kan péré ni mo háyà níbẹ̀, lápá ẹ̀yìn, òjò sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ibùsùn. Kì í ṣe nítorí yàrá náà ni mo ṣe ń dúpẹ́.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà yunifásítì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe ń pè mí ní Dókítà Kọ̀ǹpútà. Òun náà ní ọ̀kan nílé, ògbólógbòó tí ẹlòmíì ti lò gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tó fi ń tẹ lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá, aya rẹ̀, kì í ṣẹ́ omi kù tó bá ń fọ ilẹ̀ pálọ̀, ni Bàbá bá gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà ka orí búlọ́ọ̀kù méjì lábẹ́ tábìlì, kí omi má baà kàn án.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ó wà lókè òkun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, òun àti Bàbá kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ọmọ Ìlàré ní Ifẹ̀ ni Bàbá, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni ọkọ. Ẹni tó bá gbé Ifẹ̀ láyé ìgbà náà mọ ohun tí ìjà ìlú méjèèjì fi ojú èèyàn rí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mú ọkùnrin náà wálé, Bàbá lé e jáde, ó ní kí òun má tún rí i mọ́. Ẹyin lohùn. Ìyá ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ìrẹsì, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé mo gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, mo lọ gba omi tútù lọ́dọ̀ wọn, fóònù sì dún. Àna Bàbá ni, ọkùnrin tí wọ́n lé jáde gan-an. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo wa ni a gbọ́ ọ. Ó ní aya òun bí ọmọkùnrin lánàá, tìyá tọmọ wà láyọ̀.

"Bàbá, bàbá tèmi ti kú," ló wí. "Ẹ̀yin nìkan ni bàbá tó kù fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kọ ọ́ sínú íméèlì kó lè tó wa lọ́wọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó pé."

Ó ka àdírẹ́sì íméèlì wọn, Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀, ni ìlà bá já. Fóònù tiwa kò lè pe òkè òkun padà. Bàbá di fóònù náà mú létí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Nígbà tó yá ló bojú wò mí.

"Dókítà, ṣé kọ̀ǹpútà tèmi yìí lè ṣe íméèlì?"

Mo ní ó lè ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, mo yá mọ́dẹ́mù, ẹ̀rọ tó ń gba ojú ìlà fóònù wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo so ó mọ́ ìlà fóònù, mo sì fi buráwúsà sórí kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ètò tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí àdírẹ́sì fún Bàbá. Inú mi dùn sí ara mi. Bàbá jókòó, ó gbé gíláàsì wọ̀, ojú ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì yọ dé ìdajì tí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣú dùdù, tí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A tún un ṣe. Ó tún pa ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn máa pè é fún mi."

Ó mi orí. "Ẹnu ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi tún un ṣe."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ náà.

Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan iná, torí iná wa nígbà náà kì í lágbára. Mo yá sìtébíláísà ọ̀gá mi, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró sójú kan. Ìyẹn kò ràn án. Mo tú kọ̀ǹpútà, mo yọ mẹ́mórì inú rẹ̀, mo fi írésà nu ẹnu rẹ̀ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, mo dá a padà. Mo yọ buráwúsà náà kúrò, mo lọ gbé èyí tó kéré tó sì ti pẹ́ jù ú lọ wá nínú dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó dán an wò fún odindi wákàtí kan, mo ń wọlé, mo ń jáde, ẹ̀rọ náà kò sì ní pa ara rẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n wá pe Bàbá, ojú rẹ̀ á tún ṣú!

Ọjọ́bọ̀ ló burú jù. Èmi ni mo ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ fún un, ó sì fi ìka kan tẹ gbogbo orúkọ àti ìtumọ̀ wọn tán. Ó gbà á tó wákàtí kan. Ó tẹ ibi tí a fi ń ránṣẹ́, a dúró, à ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ni ojú kọ̀ǹpútà bá ṣú. Inú bí mi débi pé mo fọ́ ẹ̀rọ náà létí. Ìyá ní, "Rọra o, kó má baà bínú ju báyìí lọ." Èmi kò rẹ́rìn-ín. Dókítà wo ni aláìsàn rẹ̀ ń kú lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan?

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá bọ́ gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ló wí. "Bí ìwọ bá lò ó, á ṣiṣẹ́. Bí èmi bá jókòó tì í, á kú. Mo lé bàbá ọmọ yìí jáde nínú ilé yìí kan náà. Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí n sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyá wọ ilé ìdáná lọ, n kò sì gbọ́ ìró abọ́ kan. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Bí ọjọ́ Àìkú bá pé láìsí orúkọ, ohun tí àwọn ọmọ yẹn máa rò ni pé Bàbá tún ti kọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó nítorí ẹ̀bẹ̀ mi nìkan. Wáyà fóònù ń yọ lára mọ́dẹ́mù, ni mo bá wọ abẹ́ tábìlì lọ dì í mú. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mo wà tí Bàbá ṣí ojú ewé, tí ó ń dúró dè é. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí ẹsẹ̀ àwọn kan ṣe máa ń gbọ̀n tí sùúrù bá ń tán lọ. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, orúnkún rẹ̀ sì lọ kan iwájú àpótí kọ̀ǹpútà, níbi tí bọ́tìnì kékeré kan wà, èyí tí a fi ń tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Tìkì! Ẹ̀rọ dákẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wá yé mi. Tí Bàbá bá ń tẹ lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tó ń dúró dè, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sinmi. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fà bí ìgbín ló ń jí ẹsẹ̀ náà. Èmi ní tèmi, abẹ́ àga ni mo máa ń ká ẹsẹ̀ sí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé òun ló ń ba nǹkan ara rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ márùn-ún? Ó rọrùn kí n rọra fi ọwọ́ bo bọ́tìnì náà, kí n ní wáyà ni. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Àmọ́ bí mo bá ní wáyà ni, Bàbá á ṣì máa gbé ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá kiri nínú ọkàn rẹ̀. Mo rá jáde, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Orúnkún yín ni."

"Orúnkún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí ẹ bá ń dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ yín máa ń gbọ̀n, á sì máa tẹ bọ́tìnì yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bọ́tìnì, ó wo orúnkún ara rẹ̀.

"Kì í ṣe Ọlọ́run?"

"Kì í ṣe Ọlọ́run, sà."

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi ni mo ti ń wí! Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń gbọn ẹsẹ̀! Nídìí oúnjẹ, ẹ ń gbọn ẹsẹ̀! Ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò yín ló wà!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá áńkáṣíìfù, n kò sì lè sọ pé omijé ẹ̀rín nìkan ló fi nù.

Mo fẹ́ gbé àpótí náà kúrò, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ kò gùn tó. Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. Báyẹn ni Bàbá ṣe tẹ orúkọ márùn-ún. N kò ní kọ wọ́n síbí, ọmọ náà ló ni wọ́n. Mo kàn lè sọ pé èyí tó fi ṣe ìrántí bàbá ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ṣíwájú tirẹ̀, àti pé lábẹ́ gbogbo wọn, ó tẹ "Ẹ dárí jì mí." Ó ránṣẹ́. Mo ní ó ti lọ, ó ti lọ, ṣùgbọ́n Ìyá kò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni èsì dé. Bàbá ní kí n kà á sókè. Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé pé ọkọ òun ló gbé ọmọ lọ́wọ́, ọkọ náà ló ń pe àwọn orúkọ náà lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí èyí tó wà fún ìrántí bàbá rẹ̀ tó ti kú, ẹkún kò jẹ́ kó lè pè é tán, òun ìyá ọmọ ló bá a parí rẹ̀.

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti dé fìlà.

"Ìyá ọkọ ọmọ wa wà ní Modákẹ́kẹ́," ló wí. "Òun náà bí ọmọ ọmọ. Mo ń lọ kí i."

Ìyá ní kó dúró, kí òun wọ bàtà.