Kúbúrátù, Kẹ̀kẹ́ àti Ìkúnlẹ̀

Ìjókòó ló fa gbogbo rẹ̀. Kúbúrátù ń ta ìṣó, àgádágodo, páìpù omi àti ọ̀dà níwájú ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìjagun, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oníbàárà á dé, á sọ ohun tó fẹ́, ẹni tó ń bá a tajà á gbé e wá, Kúbúrátù á gbowó. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dìde. Ó jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ ti lọ. Rahmah, àbígbẹ̀yìn, ló kù nílé, òun náà ò sì ní pẹ́ lọ ilé ọkọ.

Nọ́ọ̀sì tó wo ẹsẹ̀ náà ò fún un lóògùn. Ó ní, "Alhájà, ẹ wá nǹkan kan tẹ́ ẹ ó máa fi ara yín ṣe. Nǹkan tó máa dùn mọ́ yín o. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ ò ní ṣe é pẹ́."

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ní kó lọ wá eré ṣe.

Ìrìn ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ìrìn ò lẹ́kọ̀ọ́, ẹsẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kó rìn? Kò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà kan fi dúró. "Alhájà, ẹ gorí ẹ̀, mi ò ní gbowó." Ó ní òun ń rìn ni. Ọlọ́kadà wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan?" Ó lé ìyẹn lọ, ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá tún dúró. Ará mọ́ṣáláṣí ni. Ìyẹn sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó dì í lápá mú, àfi kó wọ ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọjà Kúbúrátù ti dẹnu kọlẹ̀, pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn káàkiri báyìí. Obìnrin kan gbé gàrí wá fún un. Gàrí! Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó tilẹ̀kùn, ó pòṣé.

Rahmah ní kó máa fo okùn. Ó fò ó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló dáhùn. Rahmah ní kó lọ kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Kúbúrátù ní aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀ síbẹ̀. Rahmah fi hàn án lórí fóònù. Kúbúrátù dá fóònù padà fún un, ó ní kó wá jẹun.

"Kí lẹ wá fẹ́ gan-an, Mọ́mì?" Ó ti sú ọmọ náà.

"Kẹ̀kẹ́," Kúbúrátù dáhùn. Ẹnu ya òun alára.

"Kẹ̀kẹ́ Márúwá?"

"Kẹ̀kẹ́ ológeere. Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà."

Rahmah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tí Kúbúrátù wà ní kékeré, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá wọn yí ilé po. Tó bá ti kan òun, ìyá wọn á ní kó wá pọn ọmọ. Ó rò pé òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé.

Simeon, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà Ìjagun, ló tà á fún un. Tòkunbọ̀ pupa ni, ó ga díẹ̀. Simeon náà ló kọ́ ọ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Simeon ò ní sùúrù. "Ẹ wo iwájú! Ẹ má wo táyà! Táyà ò ní sá lọ!" Ó ṣubú, ó dìde. Ó kọ lu igi máńgòrò, ó bẹ igi náà bí ẹni pé èèyàn ni. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ ń lọ, afẹ́fẹ́ ń wọ inú híjáàbù rẹ̀, Kúbúrátù sì ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Àléébù kan ló kù. Kò lè gòkè fúnra rẹ̀. Tó bá ti wà lórí ẹ̀, ó lè gùn ún dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Tó bá wà nílẹ̀, ó parí. Nílé, ó máa ń gun orí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi bo gọ́tà, á ti ibẹ̀ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, á wá ti ara rẹ̀ síwájú. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Simeon, Simeon á gbé e gorí ẹ̀, á tì í kó lè gùn ún padà sílé. Láàárín ibi méjèèjì, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde nìyí. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ báyìí, gbogbo àgbà á gbé àga wá síta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá kan pè é. Ó sọ̀, ó kúnlẹ̀. Bàbá bi í léèrè ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó bi í léèrè ọmọ àwọn ọmọ. Nígbà tó dìde, kò rí ibi tó lè ti gòkè. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ relé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan ni. Ó sọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ relé. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ìrìn tí wọn ò jẹ́ kó rìn, òun náà ló wá ń rìn, ó tún ń ti irin.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú kó tó jáde nílé.

Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ ń lọ geere, ọ̀nà mọ́, ara yá. Ó rí àwọn èèyàn lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé kan. Ó mọ ilé ọ̀hún. Ó mọ ìyá arúgbó tó jókòó ságbedeméjì wọn. Ó tẹ orí ba, ó ké, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Ó sì kọjá.

Ilé Yasir ni. Yasir tó fẹ́ fẹ́ Rahmah. Ìyá arúgbó yẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Yasir.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Alhájì Gbàdàmọ́sí fi pè é lórí fóònù. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Yasir, òun sì ni olórí ẹbí. Kò kí i pẹ́. Ó ní ẹbí ti jókòó. Ó ní kí wọ́n ṣì dúró ná lórí ọ̀rọ̀ yìgì tí wọ́n fẹ́ so. Ó ní ìyàwó làwọn ń wá, àwọn ò wá ẹni tí yóò máa sáré kí ìyá àwọn kọjá bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Rahmah sunkún. Yasir ní kò sí ohun tóun lè ṣe, ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ tà á, Mọ́mì," Rahmah ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ta kẹ̀kẹ́ yìí."

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ máa tà á?"

"Mo ní mo gbọ́!"

Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò jalè, kò bú èèyàn. Ó ní òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ lọmọ ń jẹ́. Tí wọ́n bá ní kó tà á kí ọmọ òun tó lè wọlé ọkọ, yóò tà á. Ó ti pinnu ìyẹn lọ́kàn ara rẹ̀. Kò sọ fún Rahmah.

Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Alhájì Gbàdàmọ́sí ní kó gbé kẹ̀kẹ́ náà dání, kí ẹbí rí nǹkan tó gbé e ga débi tí kò fi rí àgbà nílẹ̀.

Òun àti Rahmah jọ tì í lọ ni. Kò dáa kéèyàn gun ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ lọ síbi ẹ̀bẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Alhájì Gbàdàmọ́sí ò ní kó dìde.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ yín ga ju ìyá wa lọ ni?"

"Kò ga jù wọ́n lọ, Alhájì. Ẹ má bínú."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ̀?"

"Tí mo bá sọ̀, mi ò lè gòkè mọ́."

"Ẹ ń gùn ún kiri ìlú, ẹ wá ní ẹ ò lè gòkè?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Irọ́ gbáà ni!"

Rahmah fẹ́ sọ̀rọ̀. Kúbúrátù fojú bá a wí. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ pupa náà, ó ń fọwọ́ pa eékún. Ebi ń pa á. Wọ́n ti gbé ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì lè jẹun lójú ẹni tó kúnlẹ̀.

"Kó ṣe é ká rí i," ó ní. "Bó ṣe yẹ kó ti ṣe é lọ́jọ́ yẹn, kó ṣe é báyìí."

Wọ́n bọ́ síta. Rahmah di kẹ̀kẹ́ mú lókèèrè, ó ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gòkè, ó tì í. Kúbúrátù bọ̀ geere. Ó fa bíréèkì níwájú ilé, ó sọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Àgbà."

"O kú ìrọ̀lẹ́, ìyá ìyàwó wa. Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà, mà."

"Ó yá, máa lọ."

Kúbúrátù dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, kẹ̀kẹ́ sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó fà á padà. Ó tún gbé ẹsẹ̀, aṣọ rẹ̀ kọ́ ṣéènì. Rahmah wá yọ ọ́. Ó tún gbìyànjú, kẹ̀kẹ́ yí orí padà bíi màlúù tí kò fẹ́ wọlé. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde. Oníkálukú ní ìmọ̀ràn.

"Ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ fi gòkè, Alhájà!"

"Òsì wo? Ọ̀tún ni!"

"Ẹ kọ́kọ́ sáré díẹ̀!"

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́!" Kúbúrátù jágbe mọ́ gbogbo wọn. Òógùn ti bò ó. Ó sáré díẹ̀, ó fò, ó gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun àti kẹ̀kẹ́ ṣubú gbì. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò létí, ó tún gbé ẹsẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Inú ń bí i dé ibi tó jẹ́ pé tí wọn ò bá dá a dúró, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú sí.

Ìkọ́kọrẹ́ ń tutù.

"Ó tó!" Ìyá Àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ó tó o! Gbàdàmọ́sí, ṣé nǹkan tó o fẹ́ kó máa ṣe níwájú ilé mi lójoojúmọ́ nìyí? Kó kán lẹ́sẹ̀, kí wọ́n ní àwa la ṣẹ́ ẹ?"

"Ìyá, ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àṣà ni."

"Àṣà wo? Ta ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìkúnlẹ̀ mi ni. Mo yọ̀ǹda ẹ̀. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ obìnrin yìí kan ilẹ̀ níwájú ilé mi. Kó kí mi látòkè níbẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ wo irú eléyìí mọ́!"

Kúbúrátù ṣì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. "Yìgì ńkọ́, mà?"

"Ẹ lọ so ó. Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dúró?"

Gbogbo ojú yí sí Alhájì Gbàdàmọ́sí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má so ó, pé ńṣe lòun ní kí wọ́n dúró ná, dídúró náà sì ti tó. Rahmah kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku bí Kúbúrátù á ṣe lọ. Rahmah ò lè dìde lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá Àgbà nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Tì í."

"Èmi?"

"Ṣé kí n dìde wá tì í ni?"

Alhájì Gbàdàmọ́sí ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ó gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó mú ewúrẹ́ olówó. Kúbúrátù gòkè.

"Ẹ má jẹ́ kí n ṣubú o, Alhájì."

"Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin náà!"

Ó tì í. Ó sáré tẹ̀lé e, bàtà rẹ̀ kan bọ́, ó bú bàtà. Kẹ̀kẹ́ gba ẹsẹ̀. Kúbúrátù lọ. Kò wo ẹ̀yìn, nítorí tó bá wo ẹ̀yìn yóò ṣubú.

Kò tíì lọ jìnnà. Níwájú ilé kejì, Bàbá Frederick, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dìde lórí àga. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ látẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

"Kúbúrátù! Sọ̀, wá ròyìn fún mi!"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá! Ìyá Àgbà ló ní kí n má sọ̀!"

"Ìyá Àgbà tibẹ̀ yẹn nìyẹn! Ṣé òun ló ni iwájú ilé tèmi náà ni?"

Kúbúrátù wo iwájú. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Simeon, àga ni, àga ni. Ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àgbà tirẹ̀.

Ó pòṣé. Ó fa bíréèkì, ó sọ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jókòó. Ẹ wò mí dáadáa báyìí."

Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú níwájú ilé tiwọn náà, títí wọ́n á fi yọ̀ǹda ìkúnlẹ̀ tiwọn.