Dáyóòdù Kan Ṣoṣo Tí Munirat Fi Sínú Kíbọ́ọ̀dù Raheem

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Munirat fún yín, torí àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Coolock níbí, lókè òkun, ló ń gbé, ilé kejì sí tèmi. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́: rédíò, kíbọ́ọ̀dù, ohunkóhun tó bá ń lo iná tó sì ń dún. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin ló ti kọ́ ọ kó tó wá síbí. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Tí o bá ṣẹ̀ ẹ́, á dá a padà fún ọ, bó pẹ́ bó yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Raheem ni akọrin tí àwa Mùsùlùmí tó wà níbí máa ń pè tí a bá ń sọmọ lórúkọ. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bàjẹ́, Munirat tún un ṣe, ó dún bíi tuntun. Raheem gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Tyrrelstown. Bó ṣe ki iná bọ̀ ọ́ báyìí, èéfín yọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fi máìkì sọ:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gbé nǹkan yín fún Munirat mọ́ o! Ẹni tó yẹ kó máa din dòdò ló ń tú kíbọ́ọ̀dù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Munirat wà níbẹ̀, abọ́ oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, àfi àwọn tó wá kó ẹrù wọn tí kò tíì tún ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ti fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Munirat wí fún mi, "Àǹtí, màá jẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà níwájú àwọn tó gbọ́ ọ."

Mọ́lídì, ọdún ìbí Ànábì, ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Finglas sọ fún Raheem pé àwọn ò lè tún kíbọ́ọ̀dù yẹn ṣe. Ni Ikram ìyàwó rẹ̀ bá gbé e wá bá Munirat, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

"Ẹ dákun, Àǹtí Munirat, ẹ má wo ti ọkọ mi. Ọjọ́ yẹn gan-an burú fún wa. Àní Wi-Fi ilé wa ò ṣiṣẹ́ títí ó fi dé, àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Munirat gbójú sókè. "Adápítọ̀ wo ló gbé dání?"

"Tiẹ̀ ti sọ nù. Ó ní èyíkéyìí tó bá ti wọlé, ó ti bá a mu nìyẹn."

Munirat gba kíbọ́ọ̀dù. Ìgbà tí Ikram jáde ló tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bà mí lẹ́rù.

Bó ṣe yé mi ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹnu adápítọ̀, okùn tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ, ní inú, ó ní ìta. Ti kíbọ́ọ̀dù yìí, pọ́sítíìfù wà níta, nẹ́gétíìfù wà nínú. Ti Wi-Fi wọn, òdìkejì ni, bẹ́ẹ̀ ẹnu méjèèjì jọra. Ti Wi-Fi ni Raheem yọ kì bọ̀ ọ́, iná gba òdì wọlé, ohun tó jó kíbọ́ọ̀dù nìyẹn.

Munirat fi dáyóòdù hàn mí: nǹkan dúdú tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí òrùka funfun wà ní ìdí rẹ̀ kan. Iná á gba ìdí tí kò ní òrùka wọlé, á gba ti òrùka jáde. Kò ní gbà kó padà láé. Ẹ wo géètì kékeré ẹnu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì: ó ń ṣí fún ẹni tó ń wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ibẹ̀ lẹ fẹ́ gbà jáde, kò ní mira. Tí wọ́n bá sì to dáyóòdù mẹ́rin pọ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀nà yòówù kí iná gbà dé, wọ́n á darí rẹ̀ síbi tó tọ́, kíbọ́ọ̀dù á máa dún lọ.

"Mẹ́rin lo fẹ́ fi sí i?"

"Fún Raheem? Ọ̀kan ni. Tó bá ki ti Wi-Fi bọ̀ ọ́, kò ní jó, kò sì ní dún. Á kàn dákẹ́."

"Má fi nǹkan kan sí i rárá! Jẹ́ kó tún jó!"

"Tó bá jó, Àǹtí, èmi náà ni wọ́n á tún dá lẹ́bi. Tó bá dákẹ́, màá rí nǹkan fi hàn wọ́n."

Ọjọ́ Mọ́lídì pé, gbọ̀ngàn kún. Raheem ki iná bọ kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ló bá gbé máìkì:

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní kí n tún fún obìnrin yìí láyè, ó tún ti pa á!"

Munirat dìde. "Bọ̀ọ̀dá Raheem, ẹ kú ọdún. Ṣé Wi-Fi ilé yín ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́?"

"Kí ló kan Wi-Fi níbí?"

Ikram fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Bàbá Sofiyullah, ẹ tún ti yọ adápítọ̀ Wi-Fi!"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Munirat fa adápítọ̀ náà yọ, ó gbé e fún Alhaja Àṣíáwù, olórí àwa obìnrin. Alhaja wo àmì tó wà lára rẹ̀, ó wo ti ara kíbọ́ọ̀dù. "Àwọn méjèèjì yìí ò bára tan rárá." Munirat mú èyí tó tọ́, tó fi dán kíbọ́ọ̀dù wò nílé, jáde látinú báàgì rẹ̀, ó ki í bọ̀ ọ́, ó fi ìka kan tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó dún gooro. Bí Raheem ṣe na ọwọ́ báyìí, Munirat fà á yọ.

"Rárá o. Ẹ gbé máìkì yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní Tyrrelstown, ẹ kó o jẹ."

"Munirat, jọ̀ọ́, ká sọ ọ́ nílé."

"Ṣé ilé lẹ ti sọ ọ́?"

Raheem wo àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. "Èmi ni mo ba kíbọ́ọ̀dù mi jẹ́. Munirat ò ṣe nǹkan kan fún un."

"Àwọn tó ń jẹun lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó pariwo rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó parí, Adélékan, ọ̀kan lára àwọn tó kó ẹrù wọn lọ, ti ń bi Munirat ìgbà tóun lè gbé rédíò òun wá.

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè Raheem náà ti wá kú báyìí. Ó rán Ikram, Munirat ní kí Raheem gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó gbé e wá. Òjò ń rọ̀, ó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà, èmi tí mo wà lọ́dọ̀ Munirat sì fẹ́ dìde lọ ṣílẹ̀kùn.

Munirat ní, "Àǹtí, ẹ mu tíì yín tán ná."