Àpótí Tí Bàbá Mi Kàn fún Ìrìnàjò Mẹ́kà

Òórùn gọ́ọ̀mù ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Bàbá mi ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ó da gọ́ọ̀mù sínú agolo mílíìkì, òórùn náà sì gba gbogbo ilé títí dé ìdí ògì tí ìyá mi ń rò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ẹ ó rántí òórùn yẹn. Aránbàtà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n àtúnṣe báàgì ló fi lókìkí. Gbogbo báàgì tí wọ́n bá ti jù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin, tí ìdí rẹ̀ sì ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Síìpù ló ń kọ́kọ́ kú lára báàgì, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tí a fi ń gbé e."

Ohun tó gbé e dìde láàárọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọdún gbọọrọ ni Ìyá Àgbà fi ta èlùbọ́ tó ń kó láti Òjòkú kí ọ̀nà Mẹ́kà tó là fún un. Olúkúlùkù tó ń lọ Mẹ́kà ló ń wá báàgì ara rẹ̀ nígbà náà, bàbá mi sì ti búra pé ẹlòmíràn kò ní yan ti ìyá òun.

Ọ̀rọ̀ báàgì yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn ìyá mẹ́rin kan wà ní agbo ilé wa tí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn kò lè débẹ̀ láéláé. Wọ́n kó aṣọ funfun fún Ìyá Àgbà, aṣọ tí wọn yóò fi sin wọ́n lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, kí ó bá wọn fi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, fọ̀ ọ́, kí ó sì kó o padà wá fún wọn. Tirẹ̀ ló ṣe ìkarùn-ún. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lára. Ó ní, "Amánà nìyí, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Bí èmi bá sọnù, ẹ ó wá mi. Bí aṣọ wọ̀nyí bá sọnù, ojú wo ni n ó fi wo àwọn tó ni ín?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ìbéèrè sì pọ̀ lẹ́nu mi. Ìyá mi a máa sọ pé Ọlọ́run gbàgbé láti fún ẹnu mi ní ìdérí. Bàbá mi ní tirẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rímú," á sì fa ọwọ́ mi lọ síbi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú mi lọ sí ọjà Owódé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù bàbá mi ń ba àwọn oníbáàgì. Á ṣí síìpù, á pa á dé, á tún ṣí i. Á yí báàgì dorí kodò kó lè wò ó bóyá ìdè irin ni wọ́n fi de táyà rẹ̀ àbí gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Á fi èékánná wá ojú ìrán, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rán an tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Obìnrin kan tiẹ̀ pariwo pé, "Bàbá Ràfíà, ẹ ti fẹ́ sọ báàgì mi di tòkúnbọ̀ kí ẹ tó rà á!" Èmi ni Ràfíà.

Èmi ń bi í léèrè. Ibo ni wọ́n ń kó ẹrù sí nínú ọkọ̀ òfurufú? Ta ló ń jù ú sílẹ̀? Ṣé òjò kì í pa á lókè lọ́hùn-ún? Bàbá mi ní bóyá orí òrùlé ni wọ́n ń so ó mọ́ bíi ti lọ́rì. Bàbá mi, tó mọ báàgì ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ọ̀fà, kò tíì sún mọ́ ọkọ̀ òfurufú rí.

Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́jà. Ó lọ ra àpótí onípákó kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kan irin mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi awọ màlúù bò ó, ó sì fi bẹ́líìtì nínípọn méjì dì í yíká. Lẹ́yìn náà ó bu iyanrìn tútù kún inú rẹ̀, ọkùnrin méjì sì gbé e sókè, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Pákó kan kò là. Inú bàbá mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tí wọ́n da iyanrìn náà nù, mo ní kí n gbé e wò. Ọmọ Ọ̀fà kì í sá fún ìjàkadì, mo wọ̀yá ìjà pẹ̀lú àpótí òfìfo, kò tiẹ̀ mì. Mo ní, "Bàbá, ta ló máa gbé e?"

Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń gbé odidi èèyàn fò, ṣé àpótí ni kò ní lè gbé?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, wọ́n gbé àpótí náà sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí rẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dé, ó mi orí. Ó ní, "Màmá, àpótí yìí ti jẹ kílò yín tán kí ẹ tó kó nǹkan sínú rẹ̀."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù. Ó yọ èlùbọ́, ó yọ ata gígún, ó yọ ìró rẹ̀ méjì, síbẹ̀ kò fúyẹ́ tó. Báàgì ọwọ́ rẹ̀ ti kún, ọ̀kan péré ni wọ́n sì gbà fún un. Ló bá mú aṣọ funfun tirẹ̀, ó ká a dáadáa, ó nà án sí bàbá mi. "Gbé e lọ sílé. Ti àwọn yẹn ni kó lọ."

N kò tíì rí i kí ojú bàbá mi rí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì mí fún un, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò sunkún láàárín èrò. Kò sunkún. Ó sáré lọ sídìí mọ́tò, ó sì gbé àpò Ghana-must-go tí a fi kó ẹní àti oúnjẹ wá. Báàgì ọ̀lẹ ló máa ń pe irú àpò yẹn. Tí wọ́n bá gbé e wá fún àtúnṣe, kì í gbà á. Ó gbọ̀n ọ́n nù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú fìlà rẹ̀, ó sì ń fi òwú bàtà rán gbogbo ojú ìrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bọ́ bẹ́líìtì méjèèjì kúrò lára àpótí, ó fi wọ́n di àpò náà. Aṣọ máràárùn-ún wọlé, ìró méjèèjì wọlé, èlùbọ́ náà tún rí àyè.

Ìyá Àgbà gbá bàbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ."

A fi mọ́tò gbé àpótí òfìfo náà padà sí Ọ̀fà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi retí Ìyá Àgbà, bàbá mi kò jẹun dáadáa. Nígbà tó dé, àpò náà ti dọ̀tí, ó ti ya ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n òwú bàbá mi kò já níbì kankan. Aṣọ márùn-ún pé. Ìyá Àgbà pín wọn lójúlé lójúlé, àwọn ìyá náà sì ń gbá wọn mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Òkè òkun ni mo ń gbé báyìí, ọkọ̀ òfurufú sì ti di mọ́tò mi. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù báàgì, mo máa ń kọ́kọ́ gbé báàgì lófìfo, kí n tó wo síìpù, kí n tó wo táyà. N kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, mo ti mọ gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí wọ́n pè mí pé Ìyá Àgbà ti lọ, mo ra báàgì tó fúyẹ́ jù, tó sì lágbára jù, mo wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró. Kí n tó sọ̀ ní Ìlọrin, wọ́n ti fi aṣọ funfun yẹn wé e, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà kan, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà ń lọ sí Mẹ́kà, ó rí ojú rẹ̀. Èmi tí mo ti wá mọ gbogbo rẹ̀ dúró ní pápákọ̀, nídìí ibi tí ẹrù ti ń yọ. Báàgì mi dé, nǹkan kan kò ṣe é. Èmi ni mo pẹ́.