Ohun Tí Bàbá Mi Fi Ẹ̀wù Bò

Lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi, bí ooru ṣe mú ni awọ abẹ́ apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó ń ta mí bí iná, ó léròrò, ìléròrò náà bẹ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Òkè-Bùkún sílé wa ní Kabba láti bá wa tọ́jú ọmọ, rí i.

"Ìyàwó mi, gbé ọmọ yẹn fún mi," ló wí. "O ò ní pọ̀n ọ́n mọ́ títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe ọ́."

Ó ya ife mi sọ́tọ̀. Ọkọ mi kò dá sí i. Bí mo bá ń fún ọmọ lọ́yàn, ìyá rẹ̀ á jókòó tì mí, á máa wò mí.

Ní ọsibítù kan ní Lọ́kọ́ja, dókítà obìnrin kan gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ la jọ gbé ọmọ lọ gbọ́ èsì.

"Ńṣe làwọn sẹ́ẹ̀lì awọ ara máa ń di ara wọn mú gírígírí," dókítà wí. "Tiyín kì í dì mọ́ra dáadáa. Bí ẹ bá làágùn, tí aṣọ sì ń ha ibẹ̀, wọ́n á tú kúrò lára wọn, omi á wá dúró láàárín. Kì í ràn. Ẹ pọn ọmọ yín."

Mo mí kanlẹ̀. Àmọ́ kò tíì sọ tán. "Ẹ jogún rẹ̀ ni. Ta ló ní in nílé yín?"

"Kò sí."

Ìyá ọkọ mi gbá ọmọ mọ́ra. "Ẹ ní ó jogún rẹ̀? Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ó lè ní in, ó lè má ní in, Màmá. Tó bá máa yọ, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dàgbà."

Nígbà tá a dé Kabba, ọkọ mi kò yà sílé; Ògìdì ló wà wá lọ, sọ́dọ̀ bàbá mi.

Bàbá kí wa, "Òkun o." Mo bi wọ́n léèrè lójú gbogbo wa bóyá àrùn náà wà nínú ẹbí wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì ẹ̀wù wọn. Láti kékeré mi, wọn kì í bọ́ ẹ̀wù lóko, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Wọ́n gbé apá sókè. Egbò bíi tèmi gan-an ni, àti àpá lórí àpá.

"Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀," wọ́n wí. "Ìyá tó bí mi náà ní in. Mo rò pé kò ní kàn yín."

Inú bí mi gan-an. Ìyá ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ sì ń roko, ẹ bímọ, ẹ tọ́ wọn?"

"Ó ń dùn mí, ìyá. Kò dá mi dúró."

Ó wò wọ́n títí, ó wá gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀.

Ìpara tí dókítà fún mi ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ bí ooru bá dé, egbò náà á tún yọ. Bí mo bá ń wẹ ọmọ, mo máa ń gbé apá rẹ̀ wò. Ọkọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa retí ohun tí màá sọ.