Òróró Inú Ìgò Oògùn Ikọ́

Bí ojú ẹni ò bá tilẹ̀ rí ilé Ìyá Kànáfùrù, imú á júwe rẹ̀ fún un. Opó ni. Yàrá ẹ̀yìn ló fi ṣe ibi iṣẹ́: ìkòkò ńlá lórí iná gáàsì, páìpù tó ti orí ìdérí já gba inú korobá omi tútù, àti ìgò tí omi inú páìpù ń kán sí. Bí kànáfùrù bá ti ń hó, òróró rẹ̀ á máa rọra rọlẹ̀ sábẹ́ omi, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí oyin.

Òróró yìí ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ẹni tí eyín ń dà láàmú á wá, ẹni tí oríkèé ń ro á wá.

"Ẹ̀kán kan péré nínú ṣíbí òróró àgbọn," ló máa ń wí fún wọn. "Ẹ fi òwú tọ́ ọ sójú ibi tó ń dùn yín. Ẹ má gbé e mì o, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé sún mọ́ ọn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹnu ìyá yìí ta ju òróró rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìgò tán nílé. Ó fọ ìgò oògùn ikọ́ kan tó ti tán, ó rọ òróró sí i, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ó ní bó bá yá òun á pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ gbé e lọ, ó gbàgbé.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ wá kí i. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì, ó sì ń wúkọ́. Ìyá àgbà jáde lọ ra gáàsì. Ọmọbìnrin yìí rí ìgò oògùn ikọ́ lórí pẹpẹ, ó bu ṣíbí kan fún ọmọ. Gbogbo nǹkan inú ilé yẹn ló ń rùn kànáfùrù. Òórùn ò lè kìlọ̀ fún ẹni tó dàgbà síbẹ̀. Ọmọ figbe ta, ó ń há a lọ́fun. Nígbà tí ìyá àgbà fi máa dé, ọrùn ọmọ ti rọ.

"Kí ló mu?" Dókítà bi wọ́n ní ọsibítù tí wọ́n sáré gbé e lọ.

Ìyá àgbà ló dáhùn pé òróró kànáfùrù ni, ṣíbí kan. Dókítà ní, "Mọ́mì, ẹ̀dọ̀ ọmọdé ò lè gbé ìyẹn."

Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ẹyinjú ọmọ pọ́n ròkìròkì bí ọsàn, kò sì jí mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín.

Ọmọbìnrin náà ò bú ìyá rẹ̀. Ìbá sàn kó bú u. Ó kàn ń jókòó síbi kan ni, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan pọnmọ wá: eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ òun, òun fẹ́ òróró. Ìyá ní òun ò tà á mọ́. Obìnrin yẹn ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá wá ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ṣíbí, igbe, ọsibítù.

Ọmọbìnrin rẹ̀ yọjú láti inú yàrá. "Mọ́mì, ẹ ò sọ ti ìgò fún wọn."

"Èmi ni mo rọ ọ́ sínú ìgò oògùn," ni ìyá wí.

"Èmi ni mo bù ú," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí.

Obìnrin tó pọnmọ náà tún ọ̀já rẹ̀ so, ó kí wọn kú ìrọ́jú, ó lọ.

Ìyá gbé ìkòkò tó fi ń se kànáfùrù fún oníṣòwò irin àlòkù. Aṣọ yíya ló ń rán fáwọn èèyàn báyìí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń bá a so bọ́tìnnì mọ́ ọn, àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.