Ọmọ Tí Kì í Sọ̀rọ̀ ní Kíláàsì

Ọkọ mi ló lọ gba káàdì èsì ìdánwò àkọ́kọ́ tí ilé ìwé fún ọmọbìnrin wa. Èmi ò lè lọ, nítorí aṣọ ìgbéyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ mi, ẹni tó ni ín sì ti jókòó tì mí. Télọ̀ ni mí ní Ayétòrò, iwájú ilé wa náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti òdìkejì títì ni mo ti ń gbọ́ ohùn ọkọ mi.

"Ìyá ọmọ, jáde wá! Ọmọ rẹ gbé ipò kejì!"

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà yẹn. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń ròyìn bí ewúrẹ́ kan ṣe wọ kíláàsì wọn, bí àǹtí ṣe fi ìgbálẹ̀ lé e, àti bí ewúrẹ́ náà ṣe jẹ bébà ọmọ kan kó tó jáde. Kò dákẹ́ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé e mọ́ra, kò dákẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ yìí a máa bá adìẹ sọ̀rọ̀, a máa bá abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà mi míì wà tó jẹ́ pé nítorí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń jókòó pẹ́.

Mo gba káàdì lọ́wọ́ ọkọ mi. Ìṣirò dára. Kíkọ lẹ́tà dára. Orin àkọ́sórí lédè Òyìnbó ló dára jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀. Àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí olùkọ́ ti ń kọ èrò tirẹ̀ nípa ọmọ, wọ́n kọ gbólóhùn kan lédè Òyìnbó tó túmọ̀ sí pé: Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

Mo tún un kà. Mo yí káàdì padà, mo wo orúkọ tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ ọmọ wa ni.

"Ta ni wọ́n ń sọ níbí?" mo bi ọkọ mi.

"Ta ni wọn ì bá tún máa sọ? Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ṣé ìyẹn wá burú?"

"Ọmọ yìí?"

Àwa méjèèjì bojú wo ọmọ náà. Ó ti wọ abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ń ṣa àjákù aṣọ jọ, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì ń bá èyí tó lórí kunkun wí. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá ó kàn ń tijú níbẹ̀ ni, ó sì mú un lọ ra bisikíìtì.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò bára mu létí mi. Báwo ni ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ṣe gba máàkì tó pọ̀ jù nínú orin tí wọ́n ń fi ẹnu kọ? Bóyá àǹtí yẹn kò mọ ọmọ mi yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn, tàbí ó kàn ń fún wọn ní máàkì bó ṣe wù ú kí inú òbí lè dùn. Bí kò bá sì jẹ́ méjèèjì, a jẹ́ pé nǹkan kan wà ní kíláàsì yẹn tó ń pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè fọkàn sí aṣọ tó wà níwájú mi.

Ìyá ọkọ mi, tó ń bá wa gbé, tún wá dá kún un. Wọ́n ní, "Wo ara ọmọ yẹn dáadáa. Bí ọmọ tó lẹ́nu bá ń dákẹ́ níbì kan, wọ́n ń nà án níbẹ̀ ni."

Nígbà tí mo ń wẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo itan rẹ̀, mo gbé apá rẹ̀ sókè. Kò sí àpá kankan, àfi ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́.

"Ṣé àǹtí máa ń nà yín?"

"Ó máa ń na àwọn tó bá ń jà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kì í jà."

"Ṣé àǹtí ló ní kí o má máa sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí. Ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú sára ògiri. "Rárá."

"Ta ló wá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí."

Ó tún bu omi sẹ́nu. Ọmọ tó lè fi gbogbo àkókò ìwẹ̀ sọ̀rọ̀ aláǹgbá kan ṣoṣo! Ìdáhùn kúkúrú yẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Ilé ìwé ti wọ ìsinmi, kò sẹ́ni tí mo lè lọ bá. Láàárín ìsinmi náà ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun dín ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan. Ọmọ Kútọnu ni, ọkọ rẹ̀ ló jẹ́ ará Ẹ̀gúà. Aṣọ ló máa ń kó wọlé láti ibodè wá tà, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n kó wá sí Ayétòrò. Ó ń sọ Yorùbá, àmọ́ ohùn Kútọnu kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọn aṣọ lọ́wọ́, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú káàdì kan jáde. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, irú tiwa ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá mi kà á. Faransé ni èmi kọ́ níléèwé. Ọkọ mi kà á fún mi, ó ní ó dáa, ó dáa. Ó yára kà á jù. Ó dà bíi pé ó fo ibì kan."

Mo kà á. Máàkì ọmọbìnrin rẹ̀ kò pọ̀. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́, ó mi orí. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo rí gbólóhùn kan tí mo mọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa tèmi," obìnrin náà wí. "Kò gbọ́ Òyìnbó, Yorùbá rẹ̀ kò sì tíì dá ṣáká. Kí ló máa sọ?"

Mo mú káàdì tiwa wá láti inú ilé, mo fi hàn án. Ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbójú sókè. "Wọ́n dà wọ́n pọ̀ ni o. Wọn ò mọ tèmi yàtọ̀ sí tiyín."

Ohun tó wà lọ́kàn mi náà nìyẹn. Mo ti mú àǹtí yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé padà, èmi fúnra mi ni mo mú ọmọ lọ. Àǹtí náà kéré sí bí mo ṣe rò, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo kí i, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tán, mo wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ nawọ́ sí ọmọ mi láàárín wọn."

Ó nawọ́ sí i láì ronú. Lẹ́yìn náà ló bojú wò mí. "Ọ̀rọ̀ káàdì ni, àbí? Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù, ẹ dúró sí ojú fèrèsé yẹn. Ẹ má jẹ́ kó rí yín."

Mo dúró síbẹ̀ bí olè. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè, gbogbo wọn ń pariwo ìdáhùn. Ọmọ mi kò yanu. Ó jókòó ti ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ yẹtí, òun náà pa ẹnu dé. Nígbà tí àǹtí pe ọmọ mi, ó jáde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìdáhùn sójú pátákó, ó gbà á. Ó padà lọ jókòó láìsọ ohunkóhun.

Wọ́n lu aago ìsinmi kékeré. Àwọn ọmọ tú jáde, ọmọ mi àti ọmọ oníyẹtí yẹn sì lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Mo yọ́ tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi, kò sì dúró mí èémí. Ó ń ṣa ewé, ó ń ka iye wọn, àmọ́ kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Òyìnbó. Faransé wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀. Bó bá ṣì í, ọmọ kejì á rẹ́rìn-ín, á sì tún un sọ fún un.

Mo padà lọ bá àǹtí. Ó ní nígbà tí sáà tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ló lẹ́nu jù nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ọmọ tuntun yìí dé láti Kútọnu. Ó fi Faransé dáhùn ìbéèrè lọ́jọ́ kan, gbogbo kíláàsì fi í ṣẹ̀sín, ó sunkún títí. Láti ìgbà náà ni méjèèjì ti dákẹ́.

"Orin àkọ́sórí wá ńkọ́?"

"Èmi nìkan ló ń kọ ọ́ fún. Mo máa ń pè é sí yàrá kejì. Kò gbàgbé ọ̀kan."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ gbogbo èyí sílẹ̀?"

Ó fi ìka méjì wọn àyè tó wà nísàlẹ̀ káàdì hàn mí. "Ibo ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí, Mọ́mì?"

Síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́ tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn jù létí mi. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé lọ́sàn-án, mo bi ọmọ mi bí ẹni pé kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀: "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, kí ló dé tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì?"

"Bí mo bá ń sọ̀rọ̀," ó wí, "òun nìkan ni kò ní máa sọ̀rọ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nílé.

Ọkọ mi ní ká ní kí àǹtí pààrọ̀ ìjókòó wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Wọ́n ní kí a máa mú ọmọ kejì wá sílé wa lọ́sàn-án, kí ó máa ṣeré títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti ọjà dé. Nígbà tí mo lọ sọ ọ́ fún obìnrin Kútọnu náà, ó kọ́kọ́ wò mí tìfura-tìfura. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Ó bi ọkọ rẹ̀, ó bi àwọn aládùúgbò nípa wa, kó tó gbà.

Abẹ́ tábìlì mi ni àwọn méjèèjì sọ di ilé. Yorùbá ń wọ ẹnu ọmọ yẹn díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ó ń bá ìyá ọkọ mi jiyàn lórí ẹran.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ bọ́ báàgì. Ó ní ẹnì kan gba pẹ́ńsù ọ̀rẹ́ òun ní kíláàsì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun dìde dúró, ó sì pariwo pé, "Fún mi ní nǹkan mi! Ṣé ìyá rẹ ló rà á ni?" Ó ní kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, àǹtí sì pàtẹ́wọ́, òun náà wá dìde, òun sì sọ ti òun. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó dúró, ó ronú, ó tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí àǹtí ti ń jó.

Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo ń wo ojú rẹ̀ láti mọ ibi tí òótọ́ parí sí.